Adìẹ Ìjọba

Ojú fèrèsé ilé ìdáná Seah Kim Swee, lókè àjà kẹsàn-án, ni òfin Síngápọ̀ ti máa ń jí láràárọ̀. Kí oòrùn tó yọ, kí àwọn agbálẹ̀ tó fi ìgbálẹ̀ kanlẹ̀, ọkùnrin yìí á ti po kọfí rẹ̀, á gbé àga onírọ́bà síbẹ̀, á fi ìgúnpá ti ojú fèrèsé, fóònù á wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Àwa tí a jọ ń gbé ilé gogoro náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí o bá sín nísàlẹ̀ tí o ò bo imú, o lè má mọ ẹni tó rí ọ, ṣùgbọ́n ìjọba á gbọ́ kó o tó nu imú tán.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bọ́ọ̀sì ló ń wà láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun, kò sì fi gbá ẹnikẹ́ni rí. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì, tí ìyàwó rẹ̀ kú, tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo sì tẹ̀lé ọkọ lọ sí Ọsirélíà, ilé wá pa lọ́lọ́ mọ́ ọn lórí. Ènìyàn a sì máa wá nǹkan ṣe. Àwọn kan ń ta ayò, àwọn kan ń sin ẹyẹ nínú àgò, Kim Swee ń fẹjọ́ ọmọnìkejì sùn. Ìjọba alára ti mú kó rọrùn: ya fọ́tò, kọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, fi ránṣẹ́, ó parí. Kò ní pẹ́ tí èsì á fi wọlé: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ọmọ ìlú rere." Kim Swee a máa ka èsì náà sókè fún àwòrán ìyàwó rẹ̀ tó wà lára ògiri. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ dé òpin, kò sí ẹlòmíràn tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Jumari ni aládùúgbò rẹ̀, ìlẹ̀kùn àwọn méjèèjì fara kanra. Jumari kó ìkòkò òdòdó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, òdòdó náà rẹwà, Kim Swee ya fọ́tò rẹ̀. Ọ́fíìsì àdúgbò ní kó kó wọn kúrò, pé bí iná bá ṣẹlẹ̀, òdòdó lè dí ọ̀nà. Salbiah, ìyàwó Jumari, ṣí agbòjò rẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè sílẹ̀ kó gbẹ, Kim Swee tún yà á. Wọ́n ní omi tó ń kán lára agbòjò lè mú kí èèyàn yọ̀ ṣubú. Tọkọtaya náà ṣì ń kí i bí wọ́n bá pàdé nínú ẹ̀rọ agbéniròkè. Kim Swee á dáhùn, á sì máa wo ọwọ́ wọn bóyá wọ́n mú nǹkan tí kò yẹ dání.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tí Kim Swee ń bẹ̀rù tó sì tún fẹ́ràn: Bee Geok, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé ní òdìkejì omi, ní abúlé kan ní Johor, orílẹ̀-èdè mìíràn, láàárín oko ọ̀pẹ̀yìnbó. Kim Swee kò tíì lè dá rìn nígbà tí ìyá wọn kú. Bee Geok ló pọ̀n ọ́n. Òun ló ń jí ní ìdájí lọ gba oje igi rọ́bà kó lè rán an níléèwé, òun náà ló sì di ẹrù fún un nígbà tó ń lọ sí ìlú ńlá. Nítorí pé àwọn ọmọ tó wà láàárín Bee Geok àti òun kò dúró, Ajá ni wọ́n ń pè é nílé, kí ikú lè wò ó kó ní kí lòun fẹ́ fi ajá ṣe. Gbogbo ẹni tó ń pè é ní Ajá ti kú tán, ó ku Bee Geok.

Ó ti pẹ́ tí Kim Swee ti ń bẹ̀ ẹ́ kó wá wo ilé òun. Obìnrin náà á ní àwọn adìẹ òun kò lẹ́ni tó máa bọ́ wọn. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó bá ní òun á wá lọ́jọ́bọ̀, òun á padà lọ́jọ́ Àìkú. Kim Swee kò rí oorun sùn. Ó kun yàrá tí ọmọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ó ra bẹ́ẹ̀dì tuntun, ó ra bàtà onírọ́bà tí kì í yọ̀ sí ilé ìwẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kí Bee Geok wo ilé náà, kó ní ó dáa, òun ò padà mọ́. Ó ti tún ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ṣe tán lọ́kàn ara rẹ̀. Lóṣooṣù, ẹ̀gbọ́n á kọjá afárá lọ jẹun ọ̀sán lábúlé, á sì padà wọlé bí àlejò tuntun. Bí ẹlòmíràn bá dá irú ọgbọ́n yẹn, Kim Swee ì bá ti ya fọ́tò rẹ̀.

Bee Geok sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú báàgì kan tó kún fún ẹyin pẹ́pẹ́yẹ oníyọ̀, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "O rù." Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ kò tíì rìn jìnnà tí ìyá àgbà ti tú àkàrà ìrẹsì kan nínú ewé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dá a padà sínú báàgì."

"Kí ló dé? Májèlé ni?"

"Wọn kì í jẹun nínú ọkọ̀ yìí."

"Ta ni wọn?"

Kim Swee nàka sí pátákó. Bee Geok kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó rí i pé gbogbo àwòrán tó wà níbẹ̀ ni wọ́n fa igi pupa kọjá lórí rẹ̀. Ó wò wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. "A ò gbọdọ̀ jẹ, a ò gbọdọ̀ mu, a ò gbọdọ̀ fa sìgá. Èyí tí wọ́n gbà wá láyè ńkọ́, wọn ò ya ìyẹn?"

"Wọ́n gbà wá láyè ká jókòó."

"Ó dáa, mo ti jókòó," ó ní, ó sì ká ewé náà padà.

Wọ́n yà jẹun nílé oúnjẹ àdúgbò. Ọ̀sán ti pọ́n, gbogbo tábìlì ti kún, àfi ọ̀kan tí tíṣù inú ọ̀rá kan dá wà lórí rẹ̀. Kim Swee kọjá lára rẹ̀ láìwẹ̀yìn, torí ẹni tó bá gbé tíṣù sórí tábìlì kó tó lọ tò fún oúnjẹ ti gba tábìlì náà nìyẹn. Olè gan-an kì í fọwọ́ kàn án lọ́dọ̀ wa. Ìgbà tó máa bojú wẹ̀yìn, Bee Geok ti jókòó, ó ti fa tíṣù kan yọ, ó ti fun imú.

"Ìlú yín mọ àlejò ṣe," ó ní. "Wọ́n ti gbé nǹkan ìnumú kalẹ̀ de èèyàn."

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n. Tábìlì oní-tábìlì ni."

"Oní-tábìlì dà?"

Oní-tábìlì ti dé ẹ̀yìn wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, abọ́ núdù gbígbóná lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo tíṣù rẹ̀ tí wọ́n ti ya lẹ́nu. Kò bínú. Kò sí òfin kankan tó sọ ohun tó yẹ kó ṣe, ó kàn dúró bẹ́ẹ̀. Bee Geok sún fún un. "Jókòó, ọmọ mi. Àyè pọ̀ níbí, àbí tíṣù náà fẹ́ jẹun ni?" Ọmọkùnrin náà jókòó. Kí wọ́n tó jẹun tán, ìyá àgbà ti mọ orúkọ ìyá rẹ̀, ó ti mọ̀ pé ó fẹ́ gbéyàwó, pé ilé tó kọ orúkọ sílẹ̀ fún ni kò tíì bọ́ sí i lọ́wọ́. Kim Swee doríkodò, ó ń jẹ ìrẹsì rẹ̀ bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Láti ìgbà tó ti ń jẹun níbẹ̀, kò tíì bá ẹnikẹ́ni jókòó rí.

Wọ́n délé. Bee Geok wo yàrá, ó tẹ bẹ́ẹ̀dì wò, ó ní afẹ́fẹ́ ń wọlé dáadáa. Inú Kim Swee dùn dé góńgó. Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà wá béèrè ta ló ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Jumari àti ìyàwó rẹ̀."

"Kí lorúkọ ìyàwó?"

Kim Swee mọ àwọ̀ agbòjò obìnrin náà, ó mọ ìgbà tó ń da ilẹ̀ nù, kò mọ orúkọ rẹ̀. Bee Geok wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó bu ẹyin pẹ́pẹ́yẹ sínú abọ́, ó lọ kanlẹ̀kùn, ó sì fi èdè Malay kí wọn.

Jumari gba abọ́ náà tọwọ́ tẹsẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n Bàbá Seah? Ọmọ ìyá kan náà?"

"Ìyá kan náà. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n."

Jumari wò ó títí. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá àgbà kò lè jókòó lásán. Ó rí ṣòkòtò Kim Swee kan tó ti ya nídìí, ó fi aṣọ pupa lẹ̀ ẹ́, ó fọ̀ ọ́, ó sì fi ọ̀pá ọparun nà án síta fèrèsé ilé ìdáná.

"Ẹ fún un dáadáa, ẹ̀gbọ́n, ó ń kán sórí aṣọ ará ìsàlẹ̀."

"Omi ni. Kì í ṣe ìtọ̀."

"Ìdí rẹ̀ pupa. Gbogbo ayé á máa wò ó."

"Kí wọ́n wò ó. Wọ́n á mọ̀ pé o lẹ́ni."

Nígbà tí wọ́n jẹun alẹ́ tán, ìrẹsì díẹ̀ kù nínú ìkòkò. Kim Swee gbé e, ó fẹ́ lọ dà á sínú ihò ìdalẹ̀nù.

"Ajá," Bee Geok pè é.

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìkòkò.

"Ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn la máa ń pín sí mẹ́ta, èmi, ìwọ àti Bàbá. O ti gbàgbé?"

"N ò gbàgbé."

"Ẹni tó ń da ìrẹsì nù, ebi ló ń pè wọlé. Gbé e wá." Ó rọ ìrẹsì náà sínú abọ́, ó bò ó. Bó ti ń nu ọwọ́ ló bojú wolẹ̀ lójú fèrèsé. Lórí pápá ìsàlẹ̀, tí wọ́n gé koríko rẹ̀ bí orí sójà, lábẹ́ iná òpópónà, àkùkọ kan àti àwọn abo rẹ̀ ń wá igi tí wọ́n máa sùn sí. Ojú ìyá àgbà là. "Adìẹ ta nìyẹn?"

"Kò sẹ́ni tó ni wọ́n. Adìẹ igbó ni. Ká kúkú sọ pé tìjọba ni."

"Ìjọba wá ń bọ́ wọn?"

"Rárá. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ bọ́ wọn."

"Ẹ lè pa wọ́n jẹ?"

"Ká má rí i."

"Ẹ ò bọ́ wọn, ẹ ò pa wọ́n jẹ. Kí ni wọ́n wá ń ṣe níbí?"

Kim Swee ronú sí i. "Wọ́n ń gbé ni," ó ní, "bíi tiwa náà."

Bee Geok ní òun ti gbọ́. Kò sọ pé òun á tẹ̀ lé e. Ìgbà tí wọ́n jókòó, Kim Swee gbìyànjú, ó tú ọ̀rọ̀ tó wà níkùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, yàrá yẹn, torí yín ni mo ṣe kùn ún. Ẹ má padà mọ́. Ilé yìí tóbi jù fún mi."

"Mo gbọ́," Bee Geok ní. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo bí ẹ ṣe ń gbé. Lálẹ́ Àbámẹ́ta, màá fún ọ lésì."

Ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, òjò wínníwínní ń rọ̀. Kim Swee po kọfí, ó jókòó sójú fèrèsé. Ìlẹ̀kùn yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní títì, ó ní kó sùn, ìrìn àná rẹ̀ ẹ́. Ó gbàgbé awò ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kò sì fẹ́ padà lọ mú un, torí ohun kan ti ń lọ nísàlẹ̀. Ohun tójú ń wá lojú ń rí. Agbòjò aláwọ̀ ìyeyè kan ń rìn lórí pápá. Gbogbo adìẹ tẹ̀ lé e. Ọwọ́ kan yọ lábẹ́ agbòjò, ó fọ́n nǹkan funfun sílẹ̀, àwọn adìẹ bò ó.

"Ìyàwó Jumari," Kim Swee sọ wúyẹ́wúyẹ́. Ó na fóònù síta, ó ya ọ̀kan, ó ya òmíràn. Láìpẹ́, ẹni náà dá agbòjò sẹ́yìn, ó gbójú sókè, ó sì gbé ọwọ́ kan sókè. Ó ń wò bóyá wọ́n ń wo òun, Kim Swee sọ lọ́kàn ara rẹ̀, ó sì ń fọwọ́ bojú. Ó ya ìyẹn náà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ wọn." Ó fi ránṣẹ́. Ìgbà náà ló tó rántí pé ṣòkòtò òun wà lórí ọ̀pá, òjò ti pa á, ó bá fà á wọlé.

Kọfí kejì ń hó lọ́wọ́ nígbà tí Bee Geok wọlé láti ìta, ẹnu rẹ̀ ń dán fún epo. Salbiah ló gbà á lálejò, ó fún un ní ìrẹsì alágbọn jẹ.

"Mo rò pé ẹ ṣì ń sùn," Kim Swee ní.

"Ará oko kì í sùn di ìmọ́lẹ̀. Ìwọ ńkọ́, ojú fèrèsé lo wà láàárọ̀ yìí?"

"Ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí."

"Mo mọ̀." Ó rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tó bá a mọ àṣírí kan. "Inú mi dùn sí i."

Kò yé Kim Swee, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà dùn mọ́ ọn. Ó mú un lọ sí ọgbà ìgbafẹ́. Igi kún ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ tútù yọ̀yọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tí wọ́n kàn mọ́ ọn lára. Bee Geok fọwọ́ pa nọ́ńbà igi kan, ó béèrè bóyá igi náà máa ń jẹ́ ẹ bí wọ́n bá pè é. Síbẹ̀ ó jókòó lábẹ́ rẹ̀ pẹ́, ó ní orúnkún òun kò dun òun tó ti ilé. Ó tún béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta ìkòkò òdòdó, kò sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Kim Swee ń ka gbogbo rẹ̀ sí rere.

Ó di ọ̀sán Àbámẹ́ta. Bee Geok fọ ọwọ́, ó jókòó sórí àga, ó ní, "Ajá, wá jókòó. N ò ní dúró di alẹ́. Jẹ́ kí n fún ọ lésì rẹ."

Bí Kim Swee ti fẹ́ jókòó ni wọ́n kanlẹ̀kùn nílé Jumari. Ó gbọ́ ohùn ọmọbìnrin kan tó ń sọ pé ọ́fíìsì ìjọba lòun ti wá, ọ̀rọ̀ bíbọ́ adìẹ ni. Kim Swee dìde. Ó ti pẹ́ tó ti ń fẹjọ́ sùn láyé yìí, kò tíì rí ojú ẹni tí ọ̀ràn dé bá rí. "Ẹ dúró díẹ̀, ẹ̀gbọ́n," ó ní, ó lọ ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, ó yọjú. Ó yẹ kó jókòó gbọ́ èsì rẹ̀, orí rẹ̀ kò gbà fún un.

Ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ náà ti na fóònù rẹ̀ sí Salbiah. "Màmá, agbòjò yín nìyí?"

"Tèmi ni."

"Ẹ̀yin lẹ ń bọ́ adìẹ nínú fọ́tò yìí?"

Salbiah wò ó. Ojú tó wà nínú fọ́tò hàn kedere. Ó gbójú, ó wo ìlẹ̀kùn Kim Swee, ó tún wo fóònù. "Èmi ni," ó ní.

"Màmá, ẹ má bínú, ojú yìí kò jọ tiyín. Irun rẹ̀ funfun, kò sì wé gèlè."

"Bí mo ṣe máa ń rí nìyẹn ní ìdájí."

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn," Jumari ní láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Ojú mi ti mọ́ ọn lára."

Bee Geok ti dé ẹ̀yìn Kim Swee. Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, ọmọ mi. Èmi ni. Ó kàn yá mi lágbòjò ni. Jẹ́ kí n wò ó."

Ó gba fóònù, ó nà án jìnnà sí ojú bí àwọn àgbà ti máa ń ṣe. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, torí àwọn adìẹ náà hàn dáadáa, òun náà sì ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò, ó gbé ọwọ́ sókè. Lẹ́yìn náà ló wo igun fọ́tò lókè. Etí ṣòkòtò kan wà níbẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọ̀pá, àti ìdí rẹ̀, àti aṣọ pupa tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín náà lọ. Salbiah wolẹ̀. Jumari ti rí i náà, ó rọra fa ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹní da eérú leérú ń tọ̀, àmọ́ n ò tíì rí ibi tí eérú ti tọ èèyàn tó bẹ́ẹ̀.

"Èmi ni mo rán aṣọ pupa yìí," Bee Geok ní. Ó dá fóònù padà.

Ọmọbìnrin náà ka òfin fún un láti orí páálí kan, ó ní nítorí pé àlejò ni, ìkìlọ̀ ni àwọn máa fi ṣe. Ó ní wọ́n á wá kó àwọn adìẹ náà lọ síbi tó bá yẹ wọ́n. Bee Geok dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọlé, ó padà sórí àga tó ti dìde.

"N ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni," Kim Swee ní. "Ọlọ́run gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi, agbòjò Salbiah ni mo rí."

"O ti wá mọ orúkọ rẹ̀."

Kim Swee wá jókòó síwájú rẹ̀.

"Mo gbójú sókè," Bee Geok ní, "mo rí ọ lójú fèrèsé. Mo juwọ́ sí ọ. Mo ní, Ajá ń ṣọ́ mi kí n má baà yọ̀ ṣubú nínú òjò. Látìgbà tí Bàbá ti kú, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ mi. Ó wù mí dé inú. Gbogbo àná ni mo fi ń rò ó." Ó ń tún etí aṣọ rẹ̀ tò lórí orúnkún. "Èsì tí mo fẹ́ fún ọ, mo fẹ́ ní ó dáa. Mo ti ní kí Salbiah bá mi wá ìkòkò tí mo máa gbin ewé tíì sí."

"Ẹ dákun, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ dákun."

"Mo ti dárí jì ọ́. Kí lo fẹ́ ṣe tí n ò ní dárí jì ọ́? Ṣùgbọ́n ẹ̀rù á máa bà mí níbí, Ajá. Bí mo bá húkọ́, màá máa wòkè. N ò lè fi ọjọ́ ogbó bẹ̀rù ọmọ tí mo pọ̀n."

Kim Swee sunkún, ọkùnrin tí kò sunkún níjọ́ ìsìnkú ìyàwó rẹ̀ torí ó ń ṣọ́ àwọn tó gbé ọkọ̀ síbi tí kò yẹ. Bee Geok dìde lọ gbé ìkòkò ìrẹsì kaná.

Lọ́jọ́ Àìkú, nínú ọkọ̀ ojú irin, Kim Swee fa àkàrà ìrẹsì kan yọ lápò, ó ti rà á ní àárọ̀. Ó bojú wo ọ̀tún, ó bojú wo òsì. "Ẹ jẹ ẹ́, ẹ̀gbọ́n. Kò sẹ́ni tó ń wò."

"Rárá o," Bee Geok ní. "Pátákó wà níbẹ̀." Ó kó ọwọ́ méjèèjì lé orí ẹsẹ̀ títí wọ́n fi dé, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá rí i á ní ọmọ ìlú wa rere ni.

Níbi bọ́ọ̀sì, ó tún fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ̀. "Wá sílé. Adìẹ wà níbẹ̀ tí kì í ṣe tìjọba." Kim Swee ní òun á wá. Bọ́ọ̀sì gbéra, Kim Swee juwọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń juwọ́ títí bọ́ọ̀sì náà fi yà ní kọ́nà lọ. Kò mọ̀ bóyá ó rí òun.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó gbàgbé, ó se ìrẹsì èèyàn méjì. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò jókòó sójú fèrèsé. Ó bu èyí tó kù sínú abọ́, ó sọ̀ kalẹ̀. Pápá náà mọ́ tónítóní, ewéko tútù, pátákó tuntun kan ti dúró níbẹ̀, tí wọ́n ya adìẹ sí, tí wọ́n fa igi pupa kọjá lórí rẹ̀. Kim Swee fi ètè pe adìẹ bí Bee Geok ti máa ń ṣe nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ó tún pè.

Jumari ń kọjá lọ síbi iṣẹ́. Ó rí abọ́ náà, ó rí ohun tó wà nínú rẹ̀, ó dúró. "Wọ́n ti kó wọn lọ, Bàbá Seah," ó ní jẹ́jẹ́. "Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí wọ́n fi dé. Ẹ̀gbọ́n wa délé láyọ̀?"

"Ó délé," Kim Swee ní. "Ẹ bá mi kí Salbiah."

Jumari lọ. Kim Swee gbójú sókè wo ilé gogoro náà. Gbogbo fèrèsé ló wà ní títì, àfi ọ̀kan lájà kẹsàn-án, tí àga onírọ́bà kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé. Ó wo ìrẹsì ọwọ́ rẹ̀. Kò lè fọ́n ọn sílẹ̀, torí pátákó. Kò lè gbé e padà lọ dà sí ihò ìdalẹ̀nù, torí Bee Geok. Ó dúró níbẹ̀, ó fọwọ́ jẹ ẹ́ ní tútù, láìsí ọbẹ̀, títí abọ́ fi gbófo. Hóró kan jábọ́ sínú koríko. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wá a títí ó fi rí i, ó sì mú un sọ sẹ́nu. Bóyá nítorí òfin ló ṣe mú un ni o, tàbí nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun alára kò lè sọ.